Ìkùn Tó Gbé Bọ́ǹbù Rí

Ọdún tí wọ́n bí ìyá mi ni wọ́n kan ọkọ̀ yìí.
Apá kan gbọọrọ lókè orí, ẹ́ńjìnnì méjì lórí apá,
ìdí bí ìdí ọkọ̀ ojú omi,
fèrèsé roboto méjì tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ojú ọ̀pọ̀lọ́.
Bí ọ̀pọ̀lọ́ náà ló rí:
kò bá ilẹ̀ jà, kò bá omi ṣọ̀tá.

Ogun ni wọ́n torí rẹ̀ kàn án.
Selby Pardy, ọ̀gá mi, fìka hàn mí
ibi tí wọ́n ń so bọ́ǹbù kọ́ lábẹ́ apá,
ibi tí ọmọ ogún ọdún máa ń jókòó
tí yóò máa wo òkun láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú,
bóyá ọkọ̀ abẹ́ omi yóò yọrí.
“Ṣé ó pa ẹnikẹ́ni?” mo bi í.
Selby fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀.
“Omi ló mọ̀,” ló wí,
ó ní kí n gbé garawa wá.

Torí pé ó ń jò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín,
gbogbo wọn ló ń jò.
Bó bá ti fàyà sọ ìgbì, ìṣó a yọ,
omi a máa tú ṣọ̀ọ̀rọ̀ bí ìtọ̀ ọmọdé.
Lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé ni oògùn rẹ̀.
Effie, olùkọ́ ilé ìwé Kettle Cove,
ló ń ṣa àwọn kúkúrú jọ fún wa,
èyí tí àwọn ọmọ ti jẹ nídìí.
A ó kì í bọ ihò, a ó ṣẹ́ ẹ,
ọkọ̀ tó bá Jámánì jagun
á tún léfòó lórí ìṣirò ọmọ kíláàsì kejì.

Oṣù Keje tí mò ń wí yìí, òjò kọ̀.
Ní Niufáńdílándì tiwa, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ a máa jó:
iná a wọ abẹ́ rẹ̀ bí òkété,
a yọ níbi tí ẹnikẹ́ni ò fojú sí.
Aago mẹ́rin ìdájí, èéfín ti dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Lorne Tizzard ló ń wà á. Èmi wà lẹ́yìn, mò ń ka omi.
A sọ̀ sórí adágún, a ò dúró,
bí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó ń mumi lójú fò:
ìṣẹ́jú àáyá méjìlá,
ìṣó ń sunkún, omi ń pariwo wọlé,
ẹ́ńjìnnì ní òun ò lè, òun ò lè, òun ò—
ó gbé e.

Lókè iná, ooru ń jù wá sókè sódò bí ẹni ń fẹ́ ìyàngbò.
Lorne kígbe. Mo fa irin.
Ìkùn tó gbé bọ́ǹbù rí là,
adágún odindi já bọ́, funfun.
Ìgbà mọ́kànlélógójì.

Àwa kọ́ la pa iná náà.
Òjò ló pa á lọ́jọ́ kẹta. Àwa kàn dí i lọ́wọ́ ni.

Effie padà sílé, ó bá ẹja kan
lórí àtẹ̀gùn ilé ìwé, nínú eérú,
kò ju ìka mẹ́ta lọ.
Ó pè mí. Kò rẹ́rìn-ín.
“Wo ohun tí ẹ gbé wá bá mi.”
Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó sin ín.

Wọ́n ní bí iná bá kú, a feérú bojú.
Ọkọ̀ ńkọ́?
Wọ́n kùn ún ní ọ̀dà tuntun,
wọ́n gbé e kọ́ sórí òpó sìmẹ́ńtì létí títì,
àwọn àlejò ń dúró yàwòrán.
Lọ́dún tó kọjá mo gun àkàsọ̀, mo na ọwọ́ sábẹ́ ìdí rẹ̀.
Lẹ́ẹ̀dì kan ṣì wà níbẹ̀.
Ojú eyín ọmọ kan ṣì wà lára rẹ̀.